Kí A Tó Fa Fèrèsé Gùn Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ ká mú fèrèsé alumíníọ̀mù kan, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ilé tuntun láti Ìbàdàn dé Ọ̀tà. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1200, gíga rẹ̀ náà jẹ́ 1200, férémù tó yí i ká sì fẹ̀ ní mìlímítà 50. Ẹni tó ń fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ SketchUp ya ilé rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wù ú, ó gbé e wọnú àwòrán rẹ̀. Àmọ́ onílé fẹ́ kí fèrèsé pálọ̀ fẹ̀ tó 1800. Ayàwòrán di ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà mú, ó fà á sọ́wọ́ ọ̀tún títí tó fi pé 1800, ó sì bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn. Lójú ẹni tó ń wò ó lókèèrè, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ẹ wá sún mọ́ férémù yẹn. Tòkè àti tìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ 50. Àwọn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti di 75. Kọ́kọ́rọ́ roboto tí wọ́n fi ń tì í kò rí roboto mọ́, ó ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé fèrèsé lohun tí wọ́n fún un. Àṣẹ tó gbà ni pé kó fi 1.5 sọ gbogbo ìwọ̀n tó lọ láti òsì sí ọ̀tún di púpọ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀: gíláàsì, férémù, nẹ́ẹ̀tì, títí dé ìṣó. Ọjọ́ tí àwòrán náà bá dé ṣọ́ọ̀bù ẹni tó máa ṣe fèrèsé ni ìbéèrè á dìde: “Àǹtí, ẹ má bínú o, irin wo lẹ ní kí n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yìí? Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà, bó ṣe fẹ̀ lókè náà ló ṣe fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Ọkùnrin yẹn ló jàre. Nínú gbogbo ohun tí a fi ń kọ́lé, apá kan wà tó gbọ́dọ̀ tóbi nígbà tí nǹkan bá tóbi, apá kan sì wà tí ìwọ̀n rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ayàwòrán tó jókòó, tí kò sì ní yí padà nítorí rẹ̀. Télọ̀ tó fi bùbá ọmọ ṣe àwòṣe láti rán ti bàbá rẹ̀ á fẹ àyà, á mú kí ọwọ́ gùn, á sọ ọrùn di ńlá, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ò ní ju bọ́tìnnì lọ. Ohun tí mò ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà ni pé kí wọ́n máa pinnu èyí tó máa tóbi àti èyí tí kò ní tóbi kí wọ́n tó fọwọ́ kan máósì. Ọwọ́ yá ju ìpinnu lọ láyé ìsinsìnyí, àwọn tó wà ní sáìtì ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

SketchUp ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti láàárín àwọn káfíńtà tó ń ya kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ @Last Software ní ìlú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 2000. Google rà á lọ́dún 2006, Trimble sì rà á lọ́wọ́ Google lọ́dún 2012. Ohun tó mú kó gbajúmọ̀ ni pé ẹni tí kò kàwé iṣẹ́ ilé rárá lè ya onígun mẹ́rin kan sílẹ̀, kó fà á sókè, kó sì di yàrá lójú ẹsẹ̀. Ìrọ̀rùn yẹn dára púpọ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú u.

Irinṣẹ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá tàbí kékeré nínú rẹ̀ ni Scale. Tí a bá yan ohun kan tó nípọn, tí a sì mú Scale, àpótí kan á yọ yí i ká, àmì kéékèèké aláwọ̀ ewé 26 á sì wà lára àpótí náà. Mẹ́jọ wà ní igun rẹ̀. Tí a bá fa ọ̀kan nínú wọn, òòró, ìbú àti gíga á jọ dàgbà ní ìlọ́po kan náà. Méjìlá wà láàárín etí rẹ̀, àwọn yẹn ń fa ìhà méjì. Mẹ́fà tó kù wà láàárín ojú àpótí, ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà. Èyí tí ayàwòrán inú àpẹẹrẹ wa dì mú wà lára mẹ́fà yìí. Ká ní igun ló dì mú, férémù ìbá dọ́gba yíká, àmọ́ 75 ni gbogbo rẹ̀ ìbá jẹ́, fèrèsé náà ìbá sì ga tó 1800 pẹ̀lú. Kò sí èyí tó yọrí sí ohun tí onílé ń fẹ́.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ máa tẹnu mọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, a lè tẹ nọ́ńbà. Ẹni tó bá tẹ 2 lásán ti ní kí nǹkan náà di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá tẹ 2m ti ní kó jẹ́ mítà 2 gééré. Ẹni tó bá tẹ -1 ti yí i padà, ọ̀tún á di òsì bí ìgbà tí èèyàn bá wo dígí. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí sínú lápá ọ̀tún á wá máa ṣí lápá òsì, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ títí káfíńtà á fi kan ìdè rẹ̀ mọ́gi.

Fífa ìhà kan ṣoṣo máa ń fi àṣìṣe rẹ̀ hàn fún ẹni tó bá lajú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni fífa igun, torí ó máa ń fi ohun tó bára mu sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ojú máa rí bá wí. Ẹ wo táńkì omi. Ká sọ pé táńkì onígun mẹ́rin kan wà lórí irin gíga lẹ́yìnkùlé, òòró rẹ̀ mítà 1, ìbú mítà 1, gíga mítà 1. Omi tó ń gbà jẹ́ lítà 1000, omi yẹn sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 1. Ẹbí pọ̀ sí i, wọ́n ní kí ayàwòrán ya táńkì tó tóbi. Ó yan táńkì àti irin tó gbé e ró, ó di igun mú, ó tẹ 2. Táńkì náà ti wá gba lítà 8000, torí 2 ní ọ̀nà 2 ní ọ̀nà 2 ni 8. Tọ́ọ̀nù 8 ló wà lókè báyìí. Ẹsẹ̀ irin tó gbé e náà ti nípọn sí i, ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì síbìí àti ìlọ́po méjì sọ́hùn-ún, nítorí náà irin inú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹrù di mẹ́jọ, agbára di mẹ́rin. Ibi kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀ tó ìka kan lára irin náà ń ru ìlọ́po méjì ohun tó ń rù tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, táńkì kékeré àti táńkì ńlá jọra bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Galileo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó wo òṣùpá pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn, ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní ìlú Leiden lọ́dún 1638, nígbà tó ti darúgbó, tí wọ́n sì há a mọ́lé. Ó ya egungun méjì sínú ìwé náà, kékeré kan àti ńlá kan tó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, láti fi hàn pé egungun tó gùn gbọ́dọ̀ sanra ju bí gígùn rẹ̀ ṣe lọ kó tó lè gbé ẹran tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ erin kò fi rí bíi ti ewúrẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bíìmù, pílà àti dẹ́kìn wà lábẹ́ òfin kan náà. Ẹni tó bá fa bíìmù gùn lórí àwòrán ti bi ẹnjiníà ní ìbéèrè tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Gbogbo ilé náà ńkọ́? Oníbàárà máa ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín: “Ọmọ mi, bá mi fẹ ilé yìí díẹ̀ sí i.” Ọmọ yan ohun gbogbo, ó tẹ 1.1. Ògiri tí wọ́n fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 kọ́, tí wọ́n ń yà ní mìlímítà 225, ti di 247.5. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn 900 ti di 990. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 12 ti di 13.2, ó ti sún mọ́ fẹ́ǹsì aládùúgbò ju bí ìjọba ṣe fọwọ́ sí lọ. Owó ńkọ́? Bàbá rò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá lòun fi kún ilé òun. Ilẹ̀ tí wọ́n máa tẹ́ táìlì sí ti fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, torí ìbú àti òòró ló jọ dàgbà. Ó yẹ kí ayàwòrán lè sọ èyí fún bàbá náà lójú ẹsẹ̀, kí bàbá tó lọ yá owó.

Àtẹ̀gùn ló tún yẹ kí n dúró lé lórí. Ká ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà, tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ mítà 3, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ní ìgbésẹ̀ 18. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bíi mìlímítà 167, àgbàlagbà á gùn ún láìmí hẹlẹ. Onílé wá ní kí gíga náà di mítà 3.6, kí atẹ́gùn lè ráyè fẹ́. Ẹni tó bá di orí àtẹ̀gùn mú tó fà á sókè ti sọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan di mìlímítà 200. Ìyá tí orúnkún ń dùn á mọ̀ ọ́n lára lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ìgbésẹ̀ di 22, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bíi 164. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́rin tó lé nílò ilẹ̀. Tí ibi tí a ń tẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní mìlímítà 300, ó di mítà 1.2 tí a gbọ́dọ̀ wá níbì kan, bóyá lára pálọ̀, bóyá lára kọ́ríódọ̀. Ibi tí a ó ti rí mítà 1.2 yẹn gan-an niṣẹ́ ayàwòrán. Fífa àtẹ̀gùn sókè kàn bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ ni.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́. Èèyàn ló ń gbé ilé, èèyàn kì í sì gùn sí i torí pé ilé rẹ̀ fẹ̀. Le Corbusier, ayàwòrán ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Faransé, mọ èyí débi pé nígbà tó ń ṣètò ìwọ̀n tó pè ní Modulor ní àwọn ọdún 1940, ara ọkùnrin kan tó nawọ́ sókè ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, mítà 1.75 ló kọ́kọ́ fi gíga ọkùnrin náà sí kó tó yí i sí 1.83. SketchUp náà máa ń gbé àwòrán èèyàn kan dúró sójú iṣẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa á rẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ síwájú ilẹ̀kùn, ẹ gbé e sórí àtẹ̀gùn, ẹ mú un dé ẹ̀gbẹ́ síǹkì ilé ìdáná. Ojú tó bá rí èèyàn níbẹ̀ á tètè mọ̀ bí nǹkan bá tóbi jù.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ohun tó tọ́ gan-an ni kí á sọ gbogbo àwòrán di ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan gbé pílánì ilé bàbá rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà sórí bébà ní ìgbà àtijọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e wọnú SketchUp, kò sì ní ìwọ̀n kankan tó ṣeé gbára lé. A ó wá ògiri kan tí a mọ gígùn rẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ bàtà 12, torí wọ́n kọ ọ́ sí i tàbí torí a lọ fi tépù wọ̀n ọ́ nílé náà. A ó mú Tape Measure, a ó tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ògiri yẹn àti òpin rẹ̀, a ó wá tẹ 12' pẹ̀lú àmì ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀. Ẹ̀rọ á bèèrè bóyá a fẹ́ kí gbogbo àwòrán tẹ̀ lé ìwọ̀n yìí. Tí a bá gbà, ohun gbogbo á dàgbà tàbí kó sún kì títí ògiri yẹn á fi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Tó bá jẹ́ pé inú ohun kan ṣoṣo tí a ti dì pọ̀ la wọ̀ ká tó ṣe é, ohun yẹn nìkan ló máa yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró lórí ògiri kan. Ẹni tí fóònù rẹ̀ tẹ̀ sápá kan lórí bébà nígbà tó ń ya fọ́tò ti mú kí ìbú àti òòró máa parọ́ mọ́ra wọn. Ẹ wọn ògiri kejì tó dábùú èyí àkọ́kọ́. Tí kò bá bára mu, ẹ tún fọ́tò náà yà.

Ìdàrúdàpọ̀ ìwọ̀n wà lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹsẹ̀ bàtà la fi ń ra ilẹ̀, 60 sí 120 ni púlọ́ọ̀tì ní Èkó. Íǹṣì la fi ń pe búlọ́ọ̀kù àti pákó. Mìlímítà ni ọ̀pá irin, 10, 12, 16. Sẹ̀ǹtímítà ni táìlì. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ lè fo láti ọ̀kan sí èkejì láìṣì, mo sì máa ń yìn wọ́n fún un. Kọ̀ǹpútà kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Ilẹ̀kùn tí wọ́n yà ní mìlímítà 900, tí ẹ̀rọ mìíràn wá kà bí íǹṣì 900, á fẹ̀ tó mítà 22.86. Èyí dára, torí ẹnikẹ́ni á rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Èyí tó léwu ni ti ẹni tó rí ilẹ̀kùn ràgàjì náà, tí kò wádìí ìdí rẹ̀, tó kàn ń fi ọwọ́ fà á kéré títí ó fi “jọ” pé ó wọ ojú ihò. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò tíì tọ́. Ó kàn sún mọ́ ìwọ̀n tó tọ́ ni. Ẹ lo 25.4, ẹ má lo ojú.

Kí wá ni ká ṣe sí fèrèsé tí a fi bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà rẹ̀ kò le. A ó wọ inú fèrèsé náà, a ó yan gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ nìkan, férémù tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ tó wà lára rẹ̀, a ó wá mú Move, a ó sún wọn sọ́tùn-ún ní mìlímítà 600. Àwọn ìlà tó so wọ́n mọ́ apá òsì á gùn tẹ̀ lé wọn. Férémù ẹ̀gbẹ́ ṣì jẹ́ 50, kọ́kọ́rọ́ ṣì rí roboto, fèrèsé ti di 1800. Àwọn tó ń lo ètò ìyàwòrán AutoCAD ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, Stretch ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: tó bá jẹ́ pé fèrèsé náà jẹ́ component, ìyẹn ohun tí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jọ ń yí padà, tó sì wà ní yàrá márùn-ún, gbogbo márààrún ló máa di 1800. Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ yan Make Unique fún ti pálọ̀, kó lè dá dúró.

Ọ̀nà tó tún dára ju èyí lọ wà, òun ni mo sì fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1963, Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tó pè ní Sketchpad lórí kọ̀ǹpútà ńlá TX-2. Kálàmù oníná ló fi ń yàwòrán sójú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé láti ọjọ́ yẹn ló ti rí i pé àwòrán gbọ́dọ̀ mọ òfin ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe láti sọ fún Sketchpad pé kí ìlà méjì dọ́gba, tàbí kí wọ́n máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ á sì pa òfin náà mọ́ bó ti wù kí wọ́n fà á. Ó ṣeé ṣe láti ya ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí a lò ó níbi púpọ̀, kó sì jẹ́ pé tí a bá tún ti àkọ́kọ́ ṣe, gbogbo èyí tó kù á tún ara wọn ṣe.

Ètò kọ̀ǹpútà Revit wà lára àwọn tó gbé èrò yẹn wọ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Leonid Raiz àti Irwin Jungreis ló dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀ lọ́dún 1997, ó jáde lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ Autodesk sì rà á lọ́dún 2002 ní mílíọ̀nù 133 dọ́là. Nínú Revit, Scale wà fún ògiri, fún ìlà àti fún àwòrán tí a gbé wọlé, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Àwọn tó ti SketchUp wá máa ń bínú sí i. Ní tèmi, ohun tó dára jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe fèrèsé Revit gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ: ìbú rèé, gíga rèé, ìnípọn férémù rèé. Ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́ ti gbogbo irú fèrèsé náà àti èyí tó jẹ́ ti ọ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, á máa tẹ nọ́ńbà oríṣiríṣi, kékeré àti ńlá, láti wò ó bóyá nǹkan kan á fọ́. Ọjọ́ tí onílé bá ní kí fèrèsé di 1800, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa yí. Férémù kò ní kúrò ní 50. Ìwọ̀n tuntun á hàn nínú pílánì, á hàn lójú ilé, á sì hàn nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa fún oníṣẹ́ fèrèsé. SketchUp náà ní irú èyí, Dynamic Component ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbòòrò tó ti Revit.

Ó gba àsìkò láti ṣe fèrèsé kan bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń sọ pé kí ọmọṣẹ́ òun yára gbé àwòrán jáde kò ní fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rọ́jú fún ọmọ náà láyè, torí fèrèsé kan tí a ṣe dáadáa á sin ilé ogún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù alumíníọ̀mù tó wà ní àdúgbò yín, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù, ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, kí ẹ mú tépù dání. Ẹ wọn ohun tí wọ́n ń tà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yín. Ìwọ̀n tó bá wà lórí bébà yẹn, ẹ má fà á.